Láti Ìsọ̀ Ẹja Dé Iṣẹ́ Ìlú

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ó sì dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀pọ̀ ilé tí ọmọ obìnrin ti kàwé tán. Ọmọ ti jáde ní yunifásítì, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan, ó ti padà sílé. Bàbá rẹ̀ ń retí kí ó wọ báǹkì. Ìyá rẹ̀, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè Àrin, ń retí kí ó wá jókòó ti páálí mílíìkì àti páálí tòmátò, kí ọjà má baà máa dín lọ́wọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́. Ọmọ náà wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ti rí iṣẹ́. Wọ́n ní, iṣẹ́ wo? Ó ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ kan tí ó ń dá àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ padà sí ilé-ìwé. Wọ́n ní, kí ni ẹgbẹ́ náà ń tà? Ó ní wọn kò ta nǹkan kan. Wọ́n ní, èrè rẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí èrè.

Ilé bá dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan tí mo ti ń jẹ tí mo ti ń mu. Bàbá gbé agbádá rẹ̀ sórí èjìká, ó ní: "Ṣé kí o lè máa ṣe sàárà kiri ìgboro ni mo ṣe ta ilẹ̀ fi rán ọ nílé-ìwé?" Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ọmọ náà bí ẹni ń wo ọjà tí kò mọ iye tí yóò dá lé e.

Èmi kò dá bàbá náà lẹ́bi o. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun di dókítà mọ ilé-ìwé tí yóò kọ́kọ́ wọ̀, ó mọ iye ọdún tí yóò lò níbẹ̀, ó sì mọ irú aṣọ funfun tí yóò wọ̀ jáde. Ẹni tí ó fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán mọ ọjọ́ tí ọ̀gá yóò tú u sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú? Ta ni ó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Ó rí bí àwọn ọ̀nà tóóró inú Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kan wọlé, ẹ ó yà, ẹ ó tún yà, ẹ ó kí àwọn tí wọ́n ń fọṣọ lágbàlá, ẹ ó fo gọ́tà kan, ìgbà tí ẹ bá sì gbójú sókè, ọ̀nà Ìga Ìdúnganràn ni ẹ jáde sí. Àlejò tí ó bá tẹ̀ lé yín yóò rò pé ẹ ti ṣìnà. Ọmọ ilé mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà.

Ohun kan ni mo fẹ́ rán bàbá náà létí kí n tó lọ jìnnà. Ilé-ìwé ẹgbẹ́ ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ A-B-D. Ní ọdún 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó níhìn-ín, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìsí pé ó pa ẹ̀sìn rẹ̀ tì, ẹgbẹ́ náà sì ti kọ́ ilé-ìwé kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà náà wá. Ẹgbẹ́ náà kò ta nǹkan kan. Bí a bá ní kí a ka àwọn tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì ńlá lónìí nítorí pé ẹnì kan lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ nígbà kan rí, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí ó rin ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ yìí já. A kò ní láti wọkọ̀. Láti Òkè Àrin sí Eréko, ẹsẹ̀ kò ní tíì máa ro yín kí ẹ tó dé. Ọjà Eréko yìí ni Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà ti ta ẹja. Mùsùlùmí ni, ọmọ Èkó ni. Ẹja ni ìyá tí ó bí i ń tà, òun náà sì gbé igbá ẹja. Kò mọ̀wé kà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá yan ẹni tí yóò máa bá àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo obìnrin ìlú, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá wo ibòmíràn.

Kí ó tó di ọdún 1900, orúkọ rẹ̀ ti ń dún láàárín àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ní ọdún 1910 ni Ọba Èṣùgbàyí Elékòó fi í joyè. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1920, òun ni olórí ọjà Eréko, ní àwọn ọdún yẹn kan náà sì ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó dìde. Herbert Macaulay dúró lẹ́yìn wọn, Pẹ̀lẹ́wúrà ni wọ́n sì fi ṣe olórí. Ẹ fara balẹ̀ ka iye ọdún náà. Ó tó ogún ọdún, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ìgbà tí ọjà ti mọ̀ ọ́n kí ó tó di ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ọjà.

Kí ni ó ń ṣe láàárín ogún ọdún náà? Ẹja ni ó ń tà. Ibí yìí ni àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò kọjá, tí wọ́n á sáré lọ sí ibi tí ó ti ń bá Òyìnbó fa ọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí ẹja.

Ẹja tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò tíì tà, ó di ti ẹni tí ó ní iná láti yan án. Nítorí náà, ẹlẹ́ja ní láti mọ ẹni tí ó lè gbà á láwìn tí yóò sì san án. Ó ní láti mọ ẹni tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó bímọ tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kù sí dẹ̀dẹ̀, àti ẹni tí ó ń sunkún èké. Ó ní láti mọ bí a ṣe ń pín àyè ìsọ̀ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, àti bí a ṣe ń parí ìjà nígbà tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ tí gèlè méjì ti já bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi ṣe olórí èsúsú, ó ní láti mú owó olúkúlùkù sórí, kí ó sì gbé e fún ẹni tí ó kàn, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ orogún rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ilé-ìwé wo ni wọ́n ti ń kọ́ni ní gbogbo èyí? Lóde òní àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ń san owó gọbọi fún olùkọ́ kí ó lè wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí a ṣe ń tẹ́tí sí aráàlú. Ọlọ́jà ti ń kọ́ ọ láti ìdájí.

Ìgbà tí ó di ọdún 1932, àhesọ gba ìgboro kan pé ìjọba fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin. Pẹ̀lẹ́wúrà wà lára àwọn tí wọ́n lọ bá ọ̀gá ìjọba tí ó ń ṣàkóso Èkó láti bi í léèrè, ọ̀gá náà sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Ní ọdún kan náà ni wọ́n mú un wọ inú ìgbìmọ̀ ìlú, pé kí ó máa ṣe agbẹnusọ fún obìnrin 84 láti ọjà 16. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn: wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé. Òun àti àwọn ọlọ́jà rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ọjà kò sì kó. Ẹ̀yin tí wọ́n ti wó ìsọ̀ yín rí ní Èkó yìí, tí ẹ ti ń fi ọwọ́ yín ṣa páànù nínú òjò, ẹ ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó.

Ohun tí wọ́n ní kò sí ní 1932, ó dé ní 1940. Òfin jáde pé obìnrin tí owó tí ó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó-orí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ọlọ́jà kóra wọn jọ síwájú ọ́fíìsì Kọmíṣánnà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn Glover, àwọn obìnrin tí wọ́n wá sì lé ní 1,000. Wọ́n ní obìnrin kò ní ìbò tí yóò dì, báwo ni yóò ṣe wá máa san owó-orí? Wọ́n ní ogun ti sọ ọ̀pọ̀ ọkọ di aláìníṣẹ́, obìnrin ni ó ń bọ́ ilé. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé e kúrò ní £50 lọ sí £200.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò rí gbogbo ohun tí wọ́n bèèrè gbà. Kí wọ́n fagi lé òfin náà pátápátá ni wọ́n ń fẹ́, ìjọba kò sì fagi lé e. Ṣùgbọ́n obìnrin mélòó ni ó ń rí £200 lọ́dún nígbà náà? Àwọn olówó aṣọ díẹ̀ ni yóò kàn. Aláta bọ́, ẹlẹ́ja bọ́, ẹlẹ́kọ bọ́. Ìyá tí ó mọ ọjà ná kì í torí pé wọn kò dín in tó bí òun ṣe fẹ́ kí ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo padà sílé.

Mo wá dé ibi tí mo tìtorí rẹ̀ pe orúkọ ìyá náà. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. Oúnjẹ wọ́n, ìjọba bá fi Ọ̀gbẹ́ni Pullen ṣe olórí ètò tí ó ń dá iye lé oúnjẹ. Wọ́n fi òfin de gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn pé a kò gbọdọ̀ tà á ju iye báyìí lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á bọ̀ láti oko, pẹ̀lú owó ọkọ̀, kò gba bẹ́ẹ̀. Bí o bá tà á ju iye ìjọba lọ, ilé-ẹjọ́ ń dúró dè ọ́. Bí o kò bá tà á jù bẹ́ẹ̀, gbèsè ń dúró dè ọ́. Pullen mọ̀ pé bí Pẹ̀lẹ́wúrà bá gbà, ọjà ti gbà nìyẹn. Ó bá a sọ ọ́ pé kí ó wá bá ìjọba ṣe é, owó oṣù sì wà níbẹ̀ fún un. Ìyá dáhùn pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ £100 lóṣù ni wọn yóò máa fún òun, òun kò ní gbà á kí òun wá fi ebi pa ìlú tí wọ́n bí òun sí.

£100 lóṣù! Ẹ rántí pé obìnrin tí ó ń rí £50 lọ́dún ni ìjọba kan náà kọ́kọ́ kà kún olówó tí ó yẹ kí ó san owó-orí. Ogun parí, ètò Pullen kógbá wọlé, Pẹ̀lẹ́wúrà sì wà lọ́jà rẹ̀. Ní ọdún 1947, nígbà ayé Ọba Fálolú, wọ́n fi í jẹ Erelú. Ní ọdún 1951 ni ó kú, àwọn tí wọ́n sì tú jáde láti sin ín kò lóǹkà.

Mo mọ ohun tí bàbá ọmọ wa yóò sọ níbí yìí. Yóò ní: "Ẹ rí i bí? Ìyá náà kọ owó. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, kò sí owó níbẹ̀." Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Owó ẹja ni ìyá náà jẹ, owó ẹja ni ó fi wọṣọ. Ìsọ̀ rẹ̀ ni ó gbé e dúró tí ó fi lè wo ojú ọkùnrin náà kí ó sọ pé rárá. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò jẹ lálẹ́, rárá rẹ̀ kì í lágbára. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ yín pé ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìlú kò gbọdọ̀ gba owó. Nínú Súrà Taobah, ẹsẹ 60, níbi tí Ọlọ́run ti ka àwọn tí sàká tọ́ sí, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbà á jọ wà nínú wọn. Ẹni tí ó ń rin oòrùn kiri láti kó sàká jọ, òun náà ní ikùn, ó sì ní ọmọ nílé. Owó iṣẹ́ yàtọ̀, owó tí wọ́n fi ń ra ẹnu ènìyàn yàtọ̀. Èyí tí Pullen gbé wá, ẹnu Pẹ̀lẹ́wúrà ni ó fẹ́ fi rà.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú ọ̀nà báyìí ti gba inú ọjà kọjá. Ní Ìbàdàn, Alhájà Hùmúánì Alága, oníṣòwò aṣọ, fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ wọ ilé-ìwé àwọn obìnrin kan tí ó jẹ́ ti ìjọ Kristẹni. Wọn kò gbà á. Ẹlòmíràn ìbá sunkún, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àlọ́ sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Òun pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní ọdún 1958, wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1964 wọ́n ṣí ilé-ìwé gíráámà tiwọn fún àwọn ọmọbìnrin. Ọdún mẹ́fà gbáko láti ìpàdé àkọ́kọ́ títí di ọjọ́ tí agogo ilé-ìwé dún. Ẹni tí ó ti ń ra aṣọ ní òṣùwọ̀n títí, ó mọ bí a ṣe ń fi díẹ̀díẹ̀ kó nǹkan jọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Èkó, sí ohun tí ojú ọ̀pọ̀ nínú wa rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan bá ọkọ̀ òfurufú láti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí ìlú wa yìí pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ẹ rántí bí a ṣe ń fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí a kò sì bọ ara wa lọ́wọ́ mọ́ ní mọ́sálásí. Àwọn dókítà ṣe tiwọn, àwọn kan nínú wọn sì fi ẹ̀mí dí i. A kò ní gbàgbé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí a kò mọ orúkọ wọn. Wọ́n ka ènìyàn 894 tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan àwọn aláìsàn, ní Èkó àti ní Port Harcourt, ẹnì kan sì ní láti máa lọ wò wọ́n nílé lójoojúmọ́ bóyá ara wọn gbóná. Gbogbo ìbẹ̀wò náà tó 18,500. Àwọn tí àrùn náà mú jẹ́ 20, àwọn tí ó kú jẹ́ 8, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Báwo ni ẹ ṣe rò pé àjèjì yóò kan ilẹ̀kùn yín ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó ṣí i fún un? Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń kí ìyá àgbà kí ó tó bèèrè ọ̀rọ̀, òun ni ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún. Iṣẹ́ tí ọmọ yín ní òun fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ó kù kí n bá ìwọ ọmọge fúnra rẹ sọ̀rọ̀. Má dúró de ìgbà tí wọn yóò fún ọ ní yàrá tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹgbẹ́ alásàlátù ìyá rẹ nílò akọ̀wé; lọ gbà á. Kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kì í ṣe bí o ṣe fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bí o bá ń ṣe agùnbánirọ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ọ̀pọ̀ ń fi ọjọ́ náà sùn, ìwọ má fi sùn. Kọ́ èdè kan kún èyí tí o gbọ́, ìbáà ṣe Haúsá, ìbáà ṣe Ègùn. Bí o bá sì mọ ìṣirò owó, o ti ju ìdajì àwọn tí yóò bá ọ du iṣẹ́ náà lọ. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí jákèjádò Nàìjíríà ti wà lábẹ́ FOMWAN láti ọdún 1985; wọ́n ní ilé-ìwé, wọ́n ní ilé-ìwòsàn, wọ́n sì ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Lọ bá wọn. Yóò rí bí ìgbà tí o ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta láìṣe ọ̀kan. O lè kọ́ ọmọ fún ọdún méjì, kí o jókòó ti ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan, kí o bá àwọn elétò ìlera kiri fún oṣù mẹ́fà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò sì máa bi ọ́ pé iṣẹ́ wo gan-an ni ò ń ṣe. Gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí.

Má sì tan ara rẹ jẹ. Púpọ̀ nínú owó iṣẹ́ wọ̀nyí, òkèèrè ni ó ti ń wá, odò tí orísun rẹ̀ bá sì jìnnà lè gbẹ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ mìíràn dúró. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà, USAID, àjọ tí ó ń pín owó náà, kò sí mọ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n sì sùn láìsí rẹ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà yìí. Nítorí náà, má ṣe ta ìsọ̀ ìyá rẹ nù.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé bi ọmọ yín pé kí ni ẹgbẹ́ náà ń tà. Ẹ bi í léèrè ẹni tí ó ń fọwọ́ sí ìwé owó. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ní CAC, ní àwọn alámòójútó tí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀. Kí wọ́n tó fún wọn níwèé, wọn yóò ti polówó orúkọ wọn nínú ìwé ìròhìn méjì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹjọ́ lọ́rùn wọn lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní láti máa jíhìn lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ pé inú àpò ìfowópamọ́ olórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni owó aráàlú ń wọ̀, ẹ ní kí ọmọ yín gbé àpò rẹ̀ kí ó máa bọ̀ nílé.

Mo mọ̀ ọ́n lára ni mo fi ń sọ ọ́. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ti ṣe akápò ẹgbẹ́ kan rí nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin. Owó ẹgbẹ́ wà nínú àpò mi kan náà pẹ̀lú owó tèmi. Mo yá díẹ̀ nínú rẹ̀ fi ra aṣọ ọdún, mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni, n ó dá a padà. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì rán mi ní owó. Mo sáré yá a lọ́dọ̀ ìyá mi, owó náà sì pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi mọ̀, ojú tí ó fi wò mí lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń rí i. Láti ìgbà náà, àpò méjì ni mò ń gbé.

Mo fẹ́ sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ ilé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣe lọ. Bàbá kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a jẹun alẹ́ tán, ó bèèrè ibi tí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà wà, ó ní bí ó bá di ọjọ́ Ajé òun yóò lọ fi ojú òun rí i, òun yóò sì béèrè ìwé wọn. Ìyá ní kí ọmọ náà lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé Jímọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó máa bọ̀ ní Òkè Àrin kí ó wá bá òun ka páálí.